Ìjà Inú Àgò ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ìyàwó Mi

Ọdún mẹ́fà gbáko ni bàbá ìyàwó mi fi pè mí ní Ará Òkè. Kì í ṣe pé ó ń bú mi o. Lójú Ìlàjẹ tó dàgbà sórí omi bíi tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, tó ń ka Sáàmù lábẹ́nu, ará òkè ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọba. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Ilé iṣẹ́ epo tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé mi wá sí Warri. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó fẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé èmi kì í ṣe nǹkan kan lórí omi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Bàbá ní àna ọkùnrin mìíràn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, Ìlàjẹ pọ́ńbélé. Ọkùnrin yìí lè máà yọjú fún oṣù mẹ́ta. Bó bá sì wá yọjú, ọwọ́ òfìfo ni, á tún jẹ ẹja tí èmi rà wá. Síbẹ̀, bí Bàbá bá ti gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, "Ọmọ mi, ṣé o ti dé?" Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sán, "Ará Òkè, sún síbẹ̀ kí ọmọ mi ríbi jókòó." Màá rẹ́rìn-ín síta, inú mi á sì máa hó. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún pè mí lọ́mọ àfi ìyá mi, ìyẹn náà, ìgbà tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ ni. Mo fẹ́ kí Bàbá yìí pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tó ní ọmọ, tó ní ikùn, ẹ wo ohun tí mò ń wá kiri. Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín máa rẹ́rìn-ín.

Ekete, lẹ́bàá Warri, là ń gbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi, ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ogbe-Ijoh létí odò lọ kí Bàbá. Òun náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀ dé. A óò bá a lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí odò, sùtánà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ó ti mú àwọ̀n tó ya kan lé itan, abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lọ sódò pẹja mọ́, ṣùgbọ́n àwọn apẹja àdúgbò ń kó àwọ̀n wọn wá fún un láti tún ṣe. Bí o bá bi í pé ṣé lọ́jọ́ Olúwa náà ni, á ní àwọn àpọ́sítélì tún àwọ̀n ṣe, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

Màá dọ̀bálẹ̀, á ní kí n dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tán. Bí Bàbá bá sọ Ìlàjẹ, ìdajì ni mò ń gbọ́. Bí èmi bá sọ Yorùbá Ìbàdàn tèmi, á ní ṣé mò ń kọrin ni. Àwa méjèèjì gbọ́ Píjìn dáadáa, ta ni ò gbọ́ ọ ní Warri, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń fi Píjìn kí àna rẹ̀? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ẹ wá la ẹnu kí ẹ ní "Papa, how far." Nítorí náà, a óò jókòó, a óò máa wo omi títí ìyàwó mi á fi ní ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ìjà inú àgò ló yọ wá. Mo ra tẹlifíṣọ̀n tuntun sílé, mo sì gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ fún Bàbá pẹ̀lú dikódà, kí ó lè máa gbọ́ ìròyìn. Ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí wọ́n gba bẹ́líìtì nínú ìjà oníwáyà yìí, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jà, tí wọ́n tún ń jìjàkadì mọ́ ọn. Òru ni wọ́n ń jà á lókè òkun lọ́hùn-ún, wọ́n á wá tún un gbé jáde fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Mo ń wá ìròyìn ni mo bọ́ sórí ẹ̀. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ta ló kó àwọn géńdé sínú àgò adìẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kí n tó ṣàlàyé dé ìdajì, ọ̀kan nínú wọn gbé ẹnìkejì, ó fi í nalẹ̀. Bàbá gbé rìmóòtù, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?"

Ó ní, "Ó ti tán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn náà nìyẹn. Oníjàkadì ni Bàbá nígbà èwe rẹ̀, ní abúlé wọn létí òkun. Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń jà á. Ohun yòówù tó bá kan ilẹ̀ lára rẹ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, o ti ṣubú, ìjà parí. Àmọ́ ẹni tó dá ọ kò gbọdọ̀ kẹ́yìn sí ọ. Yóò fà ọ́ dìde, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ, láti ọjọ́ náà lọ o ti di ọmọ ilé wọn. O lè wọlé wọn lọ ṣí ìkòkò láìtọrọ. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ní ilé ní gbogbo abúlé etíkun títí dé ibi tí ilẹ̀ ti tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ti dá òun rí. Ó sọ èyí pẹ̀lú ìyangàn, bí ẹni pé ṣíṣubú náà gba ẹ̀bùn.

Kò pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá fi kún. Ọmọ Urhobo kan wà tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìyá Ìjọ kan wà tó ní ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí àwọn abúlé inú omi. Ọkùnrin kan wà tó ń bá wọn já ẹrù ní èbúté, igbá àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta yìí ni òpó, àwọn yòókù ń wá ń lọ. Ẹ̀pà wà, ẹja yíyan wà, ariwo wà. Bàbá ló sì di rìmóòtù mú. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, á nawọ́ síwájú láti pa á, gbogbo ilé á ké pé, "Papa, abeg!" Nígbà tó yá, a bá a ṣàdéhùn. Kò ní pa á mọ́, àmọ́ òun ni yóò máa kéde ẹni tó borí, kò sì ní í bá rẹfirí dọ́gba láéláé. Mo ti rí ọjọ́ tí wọ́n gbé bẹ́líìtì wọ ẹnìkan lọ́hùn-ún, tí Bàbá ń kí ẹni tí wọ́n lù nílùkilù kú oríire, pé òun ló kọ́kọ́ gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣubú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn. Lọ́jọ́ kan, inú ìjà gbóná, mo gbàgbé ara mi, mo sọ fún àna mi lójú ara rẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ṣẹ́. Ìyàwó mi yọ orí láti inú ilé. Ní Ìbàdàn, wọn ì bá ti máa pe àwọn àgbà ìdílé wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ará Òkè, jókòó kí o wòran." Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì ń jiyàn bí ọmọ ìyá. Ìyàwó mi a ní, "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni," a óò tún máa jiyàn wa lọ.

Mo tún kọ́ ohun kan. Ọwọ́ Bàbá ni mo fi ń mọ ìjà tó dùn. Bí ìjà bá dùn, abẹ́rẹ́ àwọ̀n á dúró lágbede méjì. Bí kò bá dùn, á máa lọ, á máa bọ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, n kò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni. Àwọn ọmọ wa pàdánù bẹ́líìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbà á, a ò mọ̀ wọ́n, orúkọ wọn ò ṣeé pè. Bẹ́líìtì náà wá pọ̀ débi pé o ò mọ ta ni ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á retí ìjà ńlá títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ. Nígbà tó yá, ọ̀sẹ̀ gbogbo ni wọ́n ń jà, bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà láràárọ̀.

Onígẹrun ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní òun kì í rí ìjà wò mọ́, nítorí pé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó mọ́, fóònù ti sọ ẹni tó borí fún òun. Mo ní kó pa fóònù. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó pa ìyá rẹ̀. Ẹlẹ́rù tẹ̀ lé e, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ó ní ọkùnrin kan sùn lé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní òun ló ń borí. "Na sleep be that," ó wí, ó gbé ẹ̀pà rẹ̀ ó lọ. Ìyá ọlọ́kọ̀ ló pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọmọkùnrin kan, ó kọ̀ láti ṣubú, wọ́n sì ń lù ú. Ìyá dìde, ó tún ìró rẹ̀ wé, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ Olúwa tán, òun ò lè máa wo ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Inú bí mi sí gbogbo wọn. Mo lọ bá onígẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá a wíjọ́ bí ẹni tó jẹ bàbá mi lówó. Mo ní, "Nígbà tí àwọn ọmọ wa ń borí, ṣé o ò mọ̀nà ilé Papa?" Ó ní, "Oga, no vex," ó sì ń gẹrun lọ. Mi ò jẹ́ sọ fún un pé ìjà náà ti sú èmi gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti sú mi. Mo kàn ń sanwó dikódà náà ni, mò ń pariwo, mò ń fò sókè níbi tí kò yẹ ká fò. Ìbẹ̀rù ló ń mú mi ṣe é. Mò ń rò ó pé bí ìjà bá lọ, a óò tún padà sí wíwo omi, Bàbá ò ní rí ìdí kankan láti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, Ará Òkè ni wọ́n á sì fi sin mí.

Mo sì ń rí ọwọ́ Bàbá. Abẹ́rẹ́ kì í dúró mọ́. Á wọlé, á jáde, á wọlé, á jáde, ẹ̀yìn á kan ilẹ̀, Bàbá ò ní kéde ẹnì kankan.

Ó wá ku ọjọ́ tó jẹ́ pé èmi àti Bàbá nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn méjì dìmọ́ra mọ́ wáyà lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò lu ara wọn, wọn ò tú ara wọn sílẹ̀. Ohun tí mo tún gbọ́ ni ẹ̀rín ìyàwó mi. Ó dúró síwájú wa, ó di ikùn mú. Èmi àti àna mi ti sùn lọ, orí mi wà léjìká Bàbá, Bàbá ń hanrun, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo fún àwọn àga tó ṣófo.

Mo ta jí. Bàbá náà nu ẹnu. Ó ní, "Ìwọ náà sùn?"

"Rárá o, sà. Mo kàn dijú ni."

Ìyàwó mi ní, "Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń sùn. Ẹ̀yin náà ń sùn, ẹ tilẹ̀ ń hanrun."

Bàbá mú rìmóòtù. Kò sí ẹ̀yìn tó kan ilẹ̀, ó sì pa á. Mo ní ó parí nìyẹn. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nípa ojú ọjọ́.

Ó bọ́ sùtánà rẹ̀, ó ká a lé bẹ́ǹṣì, ó ku òun pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ó ní, "Àwọn tó wà nínú àgò yẹn ti sú mi láti ọjọ́ pípẹ́. Mò ń wò ó nítorí tìrẹ ni, mo rò pé ó dùn mọ́ ọ. Dìde. Jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń wí hàn ọ́."

Iyanrìn wà létí omi nísàlẹ̀ ilé, èyí tí wọ́n fà láti inú odò fún àwọn tó ń kọ́lé. Ibẹ̀ ni Bàbá mú mi lọ. Ó fi gìgísẹ̀ fa ìlà roboto. Èèyàn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Èmi bọ́ bàtà, mo gbàgbé láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Kí n tó wò yíká, ẹnìkan ti ké pé, "Papa wan fight him in-law." Onígẹrun jáde tòun ti ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́, ẹni tó ń gẹ̀ lọ́wọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì. Ìyá ọlọ́kọ̀ ní kí àwọn èrò rẹ̀ mú sùúrù, ó so ọkọ̀ mọ́ òpó, ó gòkè wá. Ẹlẹ́rù náà dé, ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Àwọn tí mo ti bẹ̀ títí, tí wọ́n ní ìjà ti sú wọn, àwọn ló wá tò yí wa ká. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ní, "Má jà bí àna o. Jà bí ọkùnrin."

Mo gbọ́. Mo fẹ́ jà bí ọkùnrin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ inú ìlà, tí mo wo irun funfun orí rẹ̀, tí mo rántí pé ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ níyàwó, pé mo fẹ́ gbá a láyà mú níwájú gbogbo ayé, ara mi ṣe ohun tí ìyá mi fi kọ́ ọ láti kékeré. Kí èèyàn tó ṣe ohun tó jọ àfojúdi sí àgbà, ó yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà, ikùn, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lórí iyanrìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ foríjì mí sà."

Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Daddy don fall."

Háà, ẹ ò gbọ́ ẹ̀rín rí. Ẹlẹ́rù jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu iyanrìn. Onígẹrun ní kò kà, ìkíni ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń kíni. Ìyá ọlọ́kọ̀ ní ta ló bi í ní ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, iyanrìn ni iyanrìn. Olórí ìdajì ní kí wọ́n tún un jà. Wọ́n jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe jiyàn ìjà bẹ́líìtì èyíkéyìí lọ, àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ náà ń dá sí i láti orí omi. Èmi ṣì wà nílẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó wá gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Kí ló kan ilẹ̀?"

Wọ́n ní, "Chest."

"Àyà kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti tán."

Inú bí mi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Bàbá, ìrẹ́jẹ ni. Mo kí yín ni o. Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn mí."

"Ta ló ní kí o kí mi nínú ìjà?"

Mo fẹ́ fèsì. Ẹjọ́ wà lẹ́nu mi, ẹjọ́ tó le. Àmọ́ Bàbá ti tẹ̀ síwájú, ó ti di apá mi mú, ó fà mí dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyanrìn kúrò lára mi. Ó gbọn àyà mi, ó gbọn ikùn mi, ó fi àtàǹpàkò nu àgbọ̀n mi. Okùn àwọ̀n ti mú kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Kò kánjú. Ó yí mi po, ó gbọn ẹ̀yìn mi náà, níbi tí iyanrìn kankan ò sí. Ẹjọ́ kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀rín àwọn èèyàn náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí gbogbo àwọn tó ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí ló mọ ohun tó ń ṣe.

Ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyàwó mi dúró sí, ó ní, "Bu omi wá fún ọmọ mi kó bọ́jú."

Ìyàwó mi, tó mọ ohun tó wà nínú mi láti ọjọ́ yìí, kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Ọmọ yín èwo, Bàbá?"

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá."

Ó bu omi náà wá. Mo bọ́jú, mo tún un bọ́, mo sì pẹ́ lórí ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi.